Ọkọ̀ Àjèjì, Ẹrù Abẹ́lé: Òfin Ilẹ̀ Wo Ni A Ó Fi San Ọ̀yà Awakọ̀?

Ní oṣù kẹta ọdún 2018 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Kigali, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìṣòwò ọ̀fẹ́ láàárín ara wọn. Nàìjíríà fọwọ́ tirẹ̀ sí i ní oṣù keje ọdún 2019, ìṣòwò lábẹ́ àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021. Bí a bá dárúkọ àdéhùn yìí, ọjà ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ sí: aṣọ, sìmẹ́ńtì, ìrẹsì, owó ibodè. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti ọjà títà bí kò ṣe ti iṣẹ́ ṣíṣe. Iṣẹ́ ìrìnnà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka iṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ yàn pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣí sílẹ̀ fún ara wọn. Orí èyí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin ọmọ ìjọ, bá wa ronú lónìí, nítorí ó kan ilé púpọ̀ láàárín wa: ilé awakọ̀ tírélà, ilé ẹni tí ó ní ọkọ̀ kan tàbí méjì tí ó fi ń jẹun, ilé ìyá oníṣòwò tí ó máa ń san owó ọkọ̀ kí ó tó mọ èrè tí yóò jẹ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú, ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ là á yé ara wa. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá gbéra ní Kútọnu, tí ó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, tí ó sì já ẹrù rẹ̀ sí Èkó, ìrìnnà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn nìyẹn. Bí ó bá rí ẹrù gbé padà láti Èkó sí Kútọnu, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ yìí kan náà bá já ẹrù rẹ̀ tán ní Èkó, tí ó yà sí Ewékorò, tí ó sì gbé sìmẹ́ńtì láti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọkọ̀ onílé ṣe ni ó ṣe yẹn. Ẹrù abẹ́lé ni. Inú ilẹ̀ wa ni ó ti gbéra, inú ilẹ̀ wa ni ó sì parí sí. Èyí ni àwọn òyìnbó ń pè ní cabotage. Ìlànà ìrìnnà ECOWAS tí a fọwọ́ sí ní Kútọnu ní oṣù karùn-ún ọdún 1982 ṣí ọ̀nà fún ìrìnnà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Kò fi iṣẹ́ abẹ́lé lé ọkọ̀ àjèjì lọ́wọ́. Bí ìjíròrò lórí iṣẹ́ ìrìnnà bá ṣe ń lọ síwájú, ìlẹ̀kùn yìí gan-an ni a óò máa kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára bínú sí àwọn tí ó fẹ́ kí a ṣí i. Ìdí tí wọ́n ń mú wá kì í ṣe ìdí yẹpẹrẹ. Ọkọ̀ tí ó gbé ẹrù wá tí ó sì ń padà lófìfo ń jó epo dísẹ̀lì, ń jẹ táyà, ó sì ń ba ojú títì jẹ́, kò sì mú ohunkóhun dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, pẹ̀lú bí ètò wọn ṣe gún tó, bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìrìn tí ọkọ̀ akẹ́rù ń rìn ni wọ́n ń rìn lófìfo. Ta ni ó ń san owó òfìfo náà? Ẹni tí ó ra ọjà ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Bí ọkọ̀ àjèjì bá lè gbé ẹrù abẹ́lé kan tàbí méjì kí ó tó padà sílé, ó yẹ kí owó ọkọ̀ rọ̀ díẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò gbà ni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Yúróòpù ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ìwé àṣẹ níwọ̀nba láti ṣiṣẹ́ abẹ́lé ní ilẹ̀ ara wọn. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 1998, wọ́n mú òdiwọ̀n ìwé àṣẹ náà kúrò. Orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà nínú ìṣọ̀kan wọn nígbà náà, owó iṣẹ́ láàárín wọn kò sì tíì jìnnà síra bí ó ṣe wá rí lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2004 ni mẹ́wàá mìíràn wọlé, Pólándì àti Lithuania wà lára wọn. Ní 2007, Róméníà àti Bulgaria tẹ̀lé wọn. Àwọn àgbà inú ìṣọ̀kan náà mọ ohun tí ń bọ̀, nítorí náà wọ́n ní kí púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dúró fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹrù abẹ́lé ẹlòmíràn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2010, òfin kan ṣoṣo ni ó bo gbogbo wọn: bí ọkọ̀ bá já ẹrù tí ó gbé wọ ilẹ̀ kan tán, ó lè gbé ẹrù abẹ́lé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méje, kí ó sì jáde.

Lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méje! Lórí ìwé, ó dà bí ohun kékeré. Ní gbogbo Yúróòpù pẹ̀lú, ìpín kékeré ni ẹrù abẹ́lé tí ọkọ̀ àjèjì ń gbé jẹ́ nínú gbogbo iṣẹ́ akẹ́rù. Jámánì ni ọjà náà ti gbòòrò jù, àwọn ọlọ́kọ̀ Pólándì ni wọ́n sì ń ṣe é jù. Kí wá ni ó fà á tí ìjà rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀yà ni. Awakọ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Sofia tàbí Vilnius lè wà ní ojú ọ̀nà Faransé àti Jámánì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó máa gbé ẹrù tí awakọ̀ onílé ìbá gbé, lójú títì kan náà, fún oníbàárà kan náà, ṣùgbọ́n kí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ti ìlú rẹ̀, èyí tí kò tó ìdá mẹ́ta ti onílé nígbà mìíràn. Wọ́n a sì máa fi owó oúnjẹ ojú ọ̀nà lé e, kí ó lè wu awakọ̀. Owó oúnjẹ yìí ni ó wá di èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ̀tàn náà wà: owó oúnjẹ kò sí lára owó oṣù tí a fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, a kì í sì í fi í ṣírò owó tí a ń san fún aláìsàn. Ọkùnrin náà rò pé òun ń gba owó gidi. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ iṣẹ́, tí ó lọ sílé lọ jókòó, ọjọ́ náà ni yóò mọ ohun tí ó ti ń gbà láti ogún ọdún wá.

Àwọn kan tilẹ̀ rí ọ̀nà tí ó rọrùn ju èyí lọ. Wọ́n lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí owó iṣẹ́ ti kéré, níbi tí wọn kò ní ju àpótí lẹ́tà kan lọ, wọ́n sì gba awakọ̀ sí orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù ní Luxembourg: awakọ̀ tí wọ́n ń gbé ní Nẹ́dálándì, tí ilé-iṣẹ́ Nẹ́dálándì ń darí ìrìn wọn, ṣùgbọ́n tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn wá láti Kípírọ́sì. Ní oṣù keje ọdún 2020, ilé ẹjọ́ náà sọ pé ẹni tí ó ní àṣẹ gidi lórí awakọ̀, tí ó sì ń gbé ìnáwó ọ̀yà rẹ̀ ní tòótọ́, òun ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀, orúkọ yòówù kí ó wà lórí ìwé.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin àlùfáà fi ọkàn sí. Òfin Jámánì kò jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 7.5 lọ rìn ní ọjọ́ Àìkú, láti ọ̀gànjọ́ òru títí di aago mẹ́wàá alẹ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí àwọn tí ó kó wàrà tàbí ẹran tútù. Ìsinmi ọjọ́ Àìkú wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wọn pàápàá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí ní ilẹ̀ wa, níbi tí tírélà ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn nígbà tí a ń gbàdúrà lọ́wọ́, yóò ní kí Ọlọ́run bù kún irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ ìsinmi náà ṣe rí fún awakọ̀ àjèjì. Ibùdó ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú títì máa ń kún dẹ́nu ní ọjọ́ Àìkú, nọ́ńbà ọkọ̀ láti Pólándì, Lithuania, Róméníà àti Bulgaria ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Awakọ̀ onílé ti wà nílé pẹ̀lú aya àti ọmọ. Àjèjì wà lórí ọ̀dà, ó ń fi sítóòfù kékeré se ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó so aṣọ tí ó fọ̀ sára ọkọ̀, ó sì ń sun ìsinmi rẹ̀ nínú àgọ́ ọkọ̀ tí ó ti ń wà láti ọjọ́ Ajé. Òfin Sábáàtì wà fún un, ó sì ń pa á mọ́. Ohun tí a fi ń sinmi ni kò sí.

Àwọn aṣòfin wọn rí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ilé ẹjọ́ Luxembourg sọ pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ tí ó pé wákàtí 45 kò gbọdọ̀ jẹ́ nínú àgọ́ ọkọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n gbé àkójọ òfin tuntun jáde. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ ṣètò iṣẹ́ kí awakọ̀ lè padà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti parí iṣẹ́ abẹ́lé rẹ̀ ní ilẹ̀ kan, kí ó má tún ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ní ojú tiwa ni èyí: láti oṣù kejì ọdún 2022, awakọ̀ àjèjì tí ó bá ń gbé ẹrù abẹ́lé gbọ́dọ̀ gba ọ̀yà ilẹ̀ tí ó ti ń gbé e, kì í ṣe ọ̀yà ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti wá. Àwọn orílẹ̀-èdè ìlà oòrùn gbé òfin náà lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní ọgbọ́n àti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ fagi lé apá kan, èyí tí ó ní kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ padà sílé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù múlẹ̀, ti ọ̀yà wà lára wọn.

Òfin wà, ṣùgbọ́n ìwà kò tíì bá òfin dọ́gba. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ó lé ní ọgọ́ta awakọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ibùdó ọkọ̀ Gräfenhausen, nítòsí Darmstadt ní Jámánì, tí wọ́n sì kọ̀ láti rìn mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti Jọ́jíà àti Uzbekistan, ilé-iṣẹ́ kan ní Pólándì ni ó gbà wọ́n síṣẹ́, Jámánì àti ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní wọn kò san ọ̀yà àwọn. Olówó ọkọ̀ wá pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ aládàáni àti ọkọ̀ onírin láti fi agbára gba ọkọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn ọlọ́pàá Jámánì ni ó dá wọn dúró. Nígbà tí oṣù kẹrin fi ń parí lọ, wọ́n san owó náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ awakọ̀ mìíràn tí ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ tún gúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ohun kan náà, àwọn kan nínú wọn sì dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àárín gbùngbùn Yúróòpù ni èyí ti ṣẹlẹ̀, níbi tí a ti ń fi òfin òṣìṣẹ́ yangàn. Agbègbè mẹ́ta ni ó pín ẹ̀bi rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ kan, ọ̀nà ní ilẹ̀ kejì, òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ kẹta. Ibi tí ẹ̀bi bá ti pín sí mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó máa ń gbé e.

Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ apá mìíràn nínú ìtàn yìí, nítorí ojú wọn ni ó ṣe. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù, àdéhùn tuntun fún àwọn ọlọ́kọ̀ Yúróòpù ní àyè ẹrù abẹ́lé méjì láàárín ọjọ́ méje. Ìgbà tí ó di ọdún 2021, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kò tó mọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ sọ pé ó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún tí ó kù, èyíinì ni 100,000. Ní oṣù kẹsàn-án, ìlà ọkọ̀ gùn ní ilé epo bí ìgbà tí a bá wà ní Nàìjíríà. Ìjọba kọ́kọ́ fún awakọ̀ àjèjì ní àyè ìwé ìrìnnà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó béèrè kò tó nǹkan. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2021 títí di ìparí oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn ẹrù abẹ́lé gbayawu: ọkọ̀ àjèjì lè gbé iye ẹrù tí ó bá wù ú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ó bá wọlé.

Inú àwọn ọlọ́kọ̀ onílé kò dùn rárá. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kún owó awakọ̀ kí ọ̀dọ́ lè fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ìjọba sì gbé ẹni tí yóò ṣe é ní ẹ̀dínwó wọlé. Ní tiwa, a rí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Awakọ̀ kò ṣọ̀wọ́n nítorí pé ọwọ́ Ọlọ́run kúrú. Ó ṣọ̀wọ́n nítorí pé iṣẹ́ náà le, ilé ìtura lójú ọ̀nà kò dára, ọ̀yà rẹ̀ kò sì tó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún náà ni ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ àjèjì dí ihò tí ọ̀yà kékeré gbẹ́, ó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ títí di Kérésìmesì. Ihò náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sílé. Àwa náà ní òfin cabotage, ṣùgbọ́n ti ojú omi ni. Ọdún 2003 ni Nàìjíríà ṣe é, pé kí ẹrù tí ó ń ti èbúté wa kan lọ sí òmíràn jẹ́ ti ọkọ̀ tí ọmọ ilẹ̀ wa ni, tí ọmọ ilẹ̀ wa sì ń tukọ̀ rẹ̀. Òfin náà ní kí a máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú àpò kan, kí a lè fi yá àwọn ọlọ́kọ̀ wa lówó ra ọkọ̀. Owó náà wọlé. Nígbà tí òfin fi pé ogún ọdún ní 2023, kò tíì sí ọlọ́kọ̀ kan tí ó gba nǹkan nínú rẹ̀. Àjèjì sì ń bá iṣẹ́ abẹ́lé náà lọ nípa ìwé ìyọ̀ǹda, nítorí òfin tí ó ti ilẹ̀kùn ni ó tún gé fèrèsé sí i. A mẹ́nu kàn án kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlẹ̀kùn títì nìkan ni ó ń gba ọmọ onílé là. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí a ti ibodè wa pa, tí ọkọ̀ àwọn ará Gánà dúró ní Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn. Ìlẹ̀kùn títì náà ní ẹni tí ó ń jìyà rẹ̀.

Níbi tí a dé yìí, ìbéèrè kan wà tí a kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni dáhùn dáadáa. Yúróòpù ní kí àlejò awakọ̀ gba ọ̀yà onílé. Ó dára. Bí a bá mú ìlànà yìí wá sí Nàìjíríà, èwo ni ọ̀yà onílé?

Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ wà lóòótọ́. Láti oṣù keje ọdún 2024, 70,000 náírà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin ọdún 2019 tí ó gbé e dúró. Ó yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ó tún yọ ẹni tí a ń sanwó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó ṣe sílẹ̀, àti ẹni tí a ń fún ní ìpín lórí owó tí ó bá wọlé. Mélòó nínú àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù wa ni ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Ẹni tí ó ní ọkọ̀ méjì ní awakọ̀ méjì àti ọmọ ọkọ̀ méjì. Báwo sì ni a ṣe ń sanwó fún ọ̀pọ̀ awakọ̀? Ìrìn kọ̀ọ̀kan ni, tàbí kí ó jíṣẹ́ iye kan fún ọ̀gá kí ó sì mú ìyókù. Ọmọ ọkọ̀ tí ó ń sùn lábẹ́ tírélà kò ní ọ̀yà kankan tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀. Ohun tí awakọ̀ bá fún un ni tirẹ̀. Òfin tí ó yẹ kí a fi wọn ọ̀yà àlejò, àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni ó yọ sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá ti òkèèrè wọlé lọ́la, tí a sì ní kí ó san ọ̀yà onílé, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò sì béèrè pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹni tí ó bá sì rò pé àjèjì nìkan ni ó lè mi ọjà yìí, kí ó rántí ọdún 2025. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote kéde pé òun yóò fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tánkà tí ń lo gáàsì gbé epo fún àwọn oníbàárà òun fúnra òun. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NUPENG dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń dí àwọn awakọ̀ tánkà náà lọ́wọ́ láti wọ ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà sẹ́. A kò dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ìgbà tí ọkọ̀ púpọ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan, ìbéèrè lórí awakọ̀ kì í pẹ́ dé, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé ni ó ni ọkọ̀ náà.

Ojú ọ̀nà ńlá láti Abidjan dé Èkó, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ láti ọdún 2014, yóò ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ nígbà tí ó bá parí. Yóò gba Accra, Lomé àti Kútọnu kọjá. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí a má ṣe dúró de ọ̀nà náà kí a tó ṣe ètò, kí a má sì ṣe ṣí ẹrù abẹ́lé sílẹ̀ lójijì bí ẹni tí ilé ń jó. Kí a kọ́kọ́ kọ ọ̀yà awakọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tiwa, ti ọmọ ọkọ̀ pẹ̀lú, kí ó sì kan ẹni tí a ń sanwó fún ní ìrìn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí i díẹ̀díẹ̀, níwọ̀n tí orílẹ̀-èdè kejì bá ṣí tirẹ̀ fún ọkọ̀ wa, kí awakọ̀ láti Lomé tí ó bá gbé ẹrù láti Èkó sí Ìbàdàn gba iye tí awakọ̀ Ìbàdàn ń gbà, kí tiwa náà gba bẹ́ẹ̀ ní Kumasi. Ìwé Deuteronomi orí kẹrìnlélógún ti fi àlejò àti arákùnrin sínú òfin ọ̀yà kan ṣoṣo, pẹ̀lú àkókò kan ṣoṣo tí a gbọ́dọ̀ san án fún àwọn méjèèjì. Àwọn aṣòfin Yúróòpù lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n láti ọdún 1990 kí wọ́n tó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀.

A mọ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ wà nínú ìjọ, wọn yóò sì ní a ń di ẹrù lé àwọn lórí. Owó táyà, owó dísẹ̀lì, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ ní gbogbo ibi tí igi bá ti dábùú ọ̀nà: a kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọ fúnra rẹ̀ wà lára oníbàárà wọn. Ìgbà tí a bá ń kọ́ ilé ìsìn, ọkọ̀ ni ó ń gbé sìmẹ́ńtì àti òkúta wá. Ìgbà tí àpéjọ ọdọọdún bá dé, ọkọ̀ ni ó ń kó àga àti àgọ́. Ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ máa ń béèrè iye tí ọlọ́kọ̀ yóò gbà, wọ́n a sì dúnàádúrà títí yóò fi wálẹ̀. A kò tíì rí ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ti béèrè iye tí awakọ̀ yóò gbà nínú rẹ̀. Èyí kò nílò òfin kankan láti Abuja. Ẹ̀yin alábòójútó lè fi í kún ìbéèrè yín láti oṣù tí ń bọ̀.

Ti Abuja náà ní àkókò tirẹ̀. Òfin ọdún 2024 ní kí a máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe ọdún márùn-ún mọ́, nítorí náà èyí tí ó kàn yóò bọ́ sí ọdún 2027. Iye owó ni gbogbo ènìyàn máa ń jà sí nígbà náà. A rọ ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ wà nínú ìjọ, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ẹ gbé abala tí ó yọ àwọn òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ yẹn yẹ̀ wò kí ọdún náà tó dé, kí ẹ sì kọ̀wé lórí awakọ̀ akẹ́rù ní pàtó.